Ìkànnì Ọ̀gá Gbàǹgbà

Bí ẹ bá ti rí ọkùnrin tó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó wọ yàrá, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lè mọ̀ pé ó yẹ káwọn dìde, ẹ ti mọ ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Òun ni olórí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ nílùú wa. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́, gbogbo tíṣà, gbogbo bẹ́ńṣì tó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àtèyí tó ní mẹ́ta, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà. Orúkọ rẹ̀ wà lára ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, àmọ́ àwọn oyè tó tò síwájú orúkọ náà pọ̀ débi pé ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ nìkan ló ráyè dúró, ìyókù ti ya sára ògiri.

Ọ̀gá Gbàǹgbà là ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ ni o. Ìdí ni pé kò sóhun tó ń ṣe ní kọ̀rọ̀. Bó bá mu omi, ó fẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Bó bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, èèyàn mẹ́rin gbọ́dọ̀ dúró tì í kí wọ́n máa mi orí. Ẹni tó ń mi orí jù nínú wọn ni akọ̀wé rẹ̀, tá a ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-sà. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń sọ gbólóhùn kan ṣoṣo yìí. Ìyàwó rẹ̀ ní ó máa ń sọ ọ́ lójú oorun, pé bí òun bá jí i pé kó yí ẹ̀gbẹ́ padà, ohun tó máa dáhùn náà nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà kan wá láti òkè. Kò gùn. Ó ní kí gbogbo ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wá ọ̀nà tí wọ́n máa gbà dáàbò bo àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ àti lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé kí ọdún tó parí, Ọ̀gá Àyẹ̀wò máa wá wo ohun tí wọ́n ṣe. Ẹlòmíì ì bá ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kó pe àwọn tíṣà, kó bi wọ́n léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sáwọn ọmọ. Ọ̀gá Gbàǹgbà ka tirẹ̀ tán, ó pe ayafọ́tò.

"Ààbò yìí," ó wí fún akọ̀wé rẹ̀, "ojú mi ló máa wà níwájú rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ojú yín gan-an ni ààbò."

Ó pe àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti aṣojú àwọn tíṣà sípàdé aago mẹ́sàn-án. Ó dé ní aago mọ́kànlá, ó sì bá wọn wí pé ó jọ pé àárẹ̀ ti mú wọn. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n dìde. Ó bọ́ sórí pèpéle.

"Ẹ̀yin olùkọ́! Ẹ̀yin olùkọ́ àwọn olùkọ́! Àti ẹ̀yin tí ẹ kàn wá jókòó! Àwọn ọmọ wa wà nínú ewu. Ewu wà lókè, ewu wà nílẹ̀, ewu wà nínú wáyà! Ta ló máa gbà wọ́n sílẹ̀? Mi ò ní dárúkọ ara mi, torí ìrẹ̀lẹ̀ mi ti pọ̀ jù. Àmọ́ ẹ wo iwájú yín. Ta lẹ rí?"

"Ẹ̀yin ni, sà!" Bẹ́ẹ̀-ni-sà bú sí àtẹ́wọ́. Nínú ọ́fíìsì yẹn, wọn kì í fi àtẹ́wọ́ sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, torí náà gbogbo ilé pa á.

"Mo máa ṣí ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì," ni Ọ̀gá ń bá a lọ. "Gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìlú yìí ló máa wà níbẹ̀. Fọ́tò rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kíláàsì rẹ̀, ilé tó ń gbé, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù òbí rẹ̀, aago tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́, àti ọ̀nà tó ń gbà délé. Gbàǹgbà! Ọmọ tí gbogbo ayé bá ń wò, ta ló máa ráyè ṣe é níbi?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì pariwo. Obìnrin kan wà lẹ́yìn tó fẹ́ bá yín pa á. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́bàá ojú irin, òun náà ló sì ń bójú tó ọmọ tí nǹkan bá ń dà láàmú. Tíṣà Kọ̀ǹpútà là ń pè é. Kò ga, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan táwọn ọ̀gá ò fẹ́: ìbéèrè rẹ̀ máa ń ṣe ṣókí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ta ló máa lè ṣí ìkànnì náà wò?"

"Gbogbo èèyàn!"

"Tí ẹni tó fẹ́ ṣe ọmọ níbi bá wà lára gbogbo èèyàn yẹn ńkọ́, sà?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín sí ọmọ tó wọ bàtà sódì.

"Tíṣà, irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa kọ́kọ́ rí fọ́tò mi lókè ìkànnì. Ẹ̀rù á bà á, á sá lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni akọ̀wé wí. "Ẹ̀rù ń ba èmi gan-an báyìí."

"Ṣé a ti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí wọn, sà?"

"Òbí? Ṣé òbí ló ni ọmọ ni?" Ọ̀gá gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ó wúkọ́. "Ohun tí mò ń sọ ni pé, lákòókò iṣẹ́, èmi ni bàbá wọn, èmi ni ìyá wọn."

Àtẹ́wọ́ tún sọ. Tíṣà jókòó. Nínú ìwé ìpàdé, Bẹ́ẹ̀-ni-sà kọ ọ́ pé: "Tíṣà kan fi ìbéèrè méjì yin Ọ̀gá."

Kò pé oṣù kan tí ìkànnì náà jáde. Kéèyàn tó rí ọmọ kankan níbẹ̀, á kọ́kọ́ kọjá fọ́tò Ọ̀gá mẹ́sàn-án: Ọ̀gá ń ronú, Ọ̀gá ń wo ọ̀nà jíjìn, Ọ̀gá gbé ìkókó kan tó ń sunkún torí pé kò mọ Ọ̀gá rí. Lẹ́yìn náà làwọn ọmọ wá tò lọ bíi bàtà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó tún pa á láṣẹ pé ní gbogbo àárọ̀, lórí ìlà, kí wọ́n máa ké e pé: "Mi ò ní fún àjèjì ní fọ́tò mi. Mi ò ní fún àjèjì ní àdírẹ́sì mi. Torí Ọ̀gá ń ṣọ́ mi." Àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ ò pẹ́ yí ìlà ìkẹyìn padà. "Torí Ọ̀gá ti bá mi fún un," ni wọ́n ń ké ní tiwọn, pẹ̀lú ojú tó le koko.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọ fóònù Ọ̀gá. Ẹni tó kọ ọ́ pe ara rẹ̀ ní Ìgbìmọ̀ Ọlọ́lá Àgbáyé. Ó kà pé: "A ti rí iṣẹ́ yín. Kò sẹ́ni tó mọ iyì yín níbi tí ẹ wà. Àwa nìkan la mọ̀ ọ́n."

Ọ̀gá kà á lórí ìdúró. Ó jókòó, ó tún un kà. Ó nu dígí ojú rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ohun tó ti ń sọ fún ara rẹ̀ láti ogún ọdún rèé, ẹlòmíì ti wá kọ ọ́ sílẹ̀! Ìgbìmọ̀ náà ní àwọn fẹ́ fún un ní àmì-ẹ̀yẹ tó ń jẹ́ Bàbá Àwọn Ọmọ Àgbáyé. Wọ́n béèrè fọ́tò, ó fi mẹ́fà ránṣẹ́. Wọ́n ní kó ya òmíràn tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, káwọn lè mọ bí àyà rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, torí rìbọ́nnì tí wọ́n máa fi gbé àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn. Ó ti ìlẹ̀kùn, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ló di téèpù ìwọnṣọ mú. Wọ́n ní kó má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí àwọn tó ń jowú rẹ̀ pọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé rẹ̀ mọ̀, àmọ́ Ọ̀gá ò ka akọ̀wé kún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni wọ́n wá béèrè páswọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń wọnú ìkànnì náà ṣiṣẹ́, pé àwọn fẹ́ gbé àwòrán àmì-ẹ̀yẹ kọ́ síbẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ kí tíì tó wà níwájú rẹ̀ tó tutù.

Ẹ jẹ́ ká fi Ọ̀gá sílẹ̀ níwájú dígí tó fi ń wo ara rẹ̀ ná, ká lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan.

Aránṣọ yìí ní ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìlá kan. Eyín iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀ láàárín, torí náà Eléjí ni gbogbo èèyàn ń pè é, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá gan-an nínú eré sísá, kódà ibi tó ti ń sáré ni wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀ tó wà lórí ìkànnì. Bó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, á jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìn ìyá rẹ̀, á fi fóònù ìyá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Ibẹ̀ ló jókòó sí tí ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Ọ̀rẹ́ Tòótọ́ fi kọ̀wé sí i. Onítọ̀hún mọ orúkọ rẹ̀. Ó mọ kíláàsì rẹ̀. Ó mọ̀ pé aago méjì ààbọ̀ ló ń jáde. Ó ní, "O mọ eré sá gan-an. Kò sẹ́ni tó mọ iyì rẹ níbi tí o wà. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n."

Mi ò ní purọ́ fún yín, inú ọmọ náà dùn. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn? Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, òmíràn wọlé: "Fi fọ́tò kan ránṣẹ́, èyí tí o wọ aṣọ eré. Má sọ fún màmá ẹ o, kò ní yé e."

Eléjí gbé fóònù náà dojú bolẹ̀ sórí aṣọ tí wọ́n gé kalẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, tó fi abẹ́rẹ́ mẹ́ta há sáàárín ètè, tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣìn.

"Màmá."

"Ùn?"

"Tí mo bá sọ nǹkan kan fún yín, ṣé ẹ ò ní bínú?"

Máṣìn dúró. Gbogbo òbí ló mọ ohun tí ìbéèrè yẹn máa ń ṣe síni nínú. Ariwo ti dé ọ̀nà ọ̀fun obìnrin náà. Ó yọ abẹ́rẹ́ kìíní lẹ́nu, ó gún un mọ́ aṣọ. Ó yọ ìkejì. Nígbà tó fi máa yọ ìkẹta, ariwo náà ti rọlẹ̀.

"Mi ò ní bínú. Sọ ọ́."

Ọmọ náà na fóònù sí i. Ìyá rẹ̀ kà á díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé o ti fi fọ́tò náà ránṣẹ́?"

"Rárá, mà." Omi ti ń bọ́ lójú ọmọ náà. "Mo kàn dúpẹ́ ni. Ṣé mo ṣe ohun tí ò dáa ni?"

"Ìwọ kọ́." Ó fà á mọ́ra, òun àti aṣọ àti gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà lára aṣọ. "Gbọ́ mi dáadáa, ìwọ kọ́ rárá. Ohun tó dáa jù lo ṣe yìí, tí o sọ fún mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti wà níwájú Tíṣà Kọ̀ǹpútà. Ó fún ọmọ náà ní àga, ó béèrè ìwọ̀nba ohun tó yẹ kó béèrè, kò sì jẹ́ kó tún ìtàn náà sọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fẹ́ pa gbogbo ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kúrò lórí fóònù, ó yára di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má pa á rẹ́, Ìyá Eléjí. Ẹ̀rí nìyẹn. Ẹ má fèsì mọ́, a máa dí i lọ́nà kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má lè wọlé mọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwòrán gbogbo rẹ̀."

Ó ya á, ó kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, ó sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn, ó sì bá aránṣọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, níbi tí sájẹ́ǹtì kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ti gba gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì. Láti ibẹ̀ ló ti gba ọ́fíìsì Ọ̀gá Gbàǹgbà lọ.

Ó jókòó níta fún wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, Ọ̀gá ń dánra wò bí yóò ṣe tẹ orí ba tí wọ́n bá fẹ́ gbé àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn.

"Sà, àjèjì kan ń kọ̀wé sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa. Orí ìkànnì yín ló ti rí gbogbo ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa ìkànnì náà lónìí."

"Kò lè ṣẹlẹ̀."

"Ó ti ṣẹlẹ̀, sà. Òun nìyí."

Ọ̀gá ò wo ìwé tó nà sí i. "Tíṣà, ìkànnì ààbò ni ìkànnì yẹn. Mo kọ Ààbò sí i lórí gàdàgbà. Ṣé ewu wá lè ti inú Ààbò jáde? Akọ̀wé!"

"Kò lè ti ibẹ̀ jáde, sà."

"Ṣùgbọ́n torí pé aláàánú ni mí, mo máa ṣe nǹkan kan. Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀! Láti òní lọ, a ti fòfin dè é kí àwọn èèyàn burúkú má ṣí ìkànnì yìí. Gbé e sókè ibẹ̀, kí o sì fi fọ́tò mi kan sí i, èyí tí mo ti lejú koko."

Wọ́n gbé e síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an. Bí èèyàn burúkú kankan bá kà á, kó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun ni wọ́n ń bá wí, kó sì pa fóònù rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú, ìròyìn rẹ̀ ò tíì kàn wá.

Tíṣà padà sílé ẹ̀kọ́. Kò sunkún, kò sì bú ẹnikẹ́ni, ó kéré tán kò ṣe é lójú àwọn ọmọ. Ó pe àwọn òbí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ọ̀rọ̀ kan tí kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni tó bá wá mú ọmọ, yàtọ̀ sí ẹni tó máa ń wá, gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ilé náà lẹ́nu géètì. Àwọn ọ̀rọ̀ náà kò wọ orí kọ̀ǹpútà kankan. Inú ìwé àjákọ tí Bàbá Onígéètì ń fi sápò àyà ló wà, Bàbá Onígéètì kì í sì í yá ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn náà, ní aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú, ọkùnrin kan tó múra dáadáa dúró lẹ́nu géètì. Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ ìwé kan jáde. Ìwé Àṣẹ láti Mú Ọmọ ni wọ́n kọ sókè rẹ̀. Fọ́tò Eléjí wà níbẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, òǹtẹ̀ ọ́fíìsì wà níbẹ̀, Ọ̀gá Gbàǹgbà sì wà nísàlẹ̀, ó ń wo ọ̀nà jíjìn.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni mí. Ìyá rẹ̀ ní kí n wá mú un, torí ara rẹ̀ ò yá."

"Ẹ kú ọ̀sán, ọmọ mi." Bàbá Onígéètì yẹ ìwé náà wò níwájú àti lẹ́yìn. "Ìwé yìí dára o. Kí ni ọ̀rọ̀ ilé yín?"

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ọ̀rọ̀ ilé."

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan òǹtẹ̀. "Bàbá, ọ̀gá àgbà ló fọwọ́ sí i!"

"Mo rí i. Ó jọ ọ́ gan-an." Bàbá náà ṣí ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀. "Ó dáa, oòrùn ti mú jù. Ẹ wọnú yàrá mi yìí, ẹ jókòó, kí n lọ bá yín pe ọmọ náà."

Yàrá Bàbá Onígéètì kò ju àpótí ńlá lọ, ìlẹ̀kùn irin ló ní, ìta sì ni wọ́n ti ń ti í. Nígbà tí ọkùnrin náà jókòó tán ló gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Ó lu ìlẹ̀kùn, ó bẹ̀bẹ̀, ó halẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá, ó sì fi ẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn náà títí sájẹ́ǹtì fi dé. Eléjí wà nínú kíláàsì ní gbogbo àkókò yẹn, ó ń ya àwòrán ọkàn èèyàn fún iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi í lé, ìyá rẹ̀ sì dì í mú títí wọ́n fi délé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ń sọ pé, "Màmá, ọwọ́ ń dùn mí."

Ẹ̀yin lè rò pé ìròyìn yìí máa mú kí Ọ̀gá Gbàǹgbà ronú. Ó ronú lóòótọ́. Ó ronú pé ọjọ́ àmì-ẹ̀yẹ òun ti dùn sí i.

"Ìkànnì mi ti mú ọ̀daràn!" ni ó kéde. Ó ní ọmọ náà ni yóò gbé òdòdó fún òun lórí pèpéle, kí gbogbo ayé lè rí ọmọ tóun gbà sílẹ̀. Ìyá Eléjí rán akọ̀wé padà pẹ̀lú ìdáhùn kan ṣoṣo: "Ẹ sọ fún un pé ọmọ mi ní iṣẹ́ àmúrelé."

Ọjọ́ náà pé. Ìgbìmọ̀ Ọlọ́lá ti ṣèlérí pé aṣojú àwọn á yọjú ní aago méjìlá. Gbọ̀ngàn kún fún òbí àti tíṣà, ètò sì gùn: kíkí Ọ̀gá, yíyin Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ fún yíyin Ọ̀gá, ìdáhùn Ọ̀gá. Ọ̀gá Àyẹ̀wò tó wá láti òkè jókòó níwájú, obìnrin kan tó ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré láìgbé ojú sókè. Ọ̀gá Gbàǹgbà ti sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àádọ́ta, ó ti pe ara rẹ̀ ní agbòòrùn, ògiri, àti ẹ̀wù òtútù àwọn ọmọ, kí sájẹ́ǹtì tó wọlé pẹ̀lú fáìlì kan lábẹ́ apá.

Sájẹ́ǹtì tọ Bẹ́ẹ̀-ni-sà lọ, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Ọdún mọ́kànlá nínú iṣẹ́ ò jẹ́ kí akọ̀wé ronú. Ó gba makirofóònù, ó kéde pé: "Wọ́n ń wá Bàbá Àwọn Ọmọ Àgbáyé!"

"Èmi nìyí!" Ọ̀gá na apá méjèèjì. "Aṣojú wọn ti dé! Sájẹ́ǹtì, ṣé ẹ mú lẹ́tà wọn dání?"

"Sà, àwọn ọ̀rọ̀ kan ni. Ẹ jẹ́ ká wọnú ọ́fíìsì."

"Ọ́fíìsì kẹ̀? Ẹ kà á síbí! Ẹ kà á sétí gbogbo ayé!"

"Sà, á dáa kí ẹ..."

"Gbàǹgbà ni mo ní kí ẹ kà á!"

Sájẹ́ǹtì wo Ọ̀gá Àyẹ̀wò. Obìnrin náà gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé rẹ̀.

"Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ gan-an nìyẹn, Ọ̀gá?"

"Kò sóhun tí mo fẹ́ tó o láyé mi!"

"Kà á, Sájẹ́ǹtì. Má ṣáà dárúkọ ọmọ kankan."

Sájẹ́ǹtì ṣí fáìlì, ó sì kà á bí wọ́n ṣe máa ń kà á ní kóòtù, láìgbé ohùn sókè, láìrẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tá a bá nínú fóònù ẹni tá a mú lẹ́nu géètì. 'Kò sẹ́ni tó mọ iyì yín níbi tí ẹ wà. Àwa nìkan la mọ̀ ọ́n.' Ìdáhùn: 'Ẹ ṣeun. Òótọ́ ni.'"

Bẹ́ẹ̀-ni-sà pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ni.

"'Ẹ fi fọ́tò kan ránṣẹ́ tí ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì.' Ìdáhùn: 'Òun nìyí. Ṣé kí n fa ikùn wọlé?'"

Ẹ̀rín bú láti ẹ̀yìn, ó sáré dé iwájú. Ọ̀gá di makirofóònù mú bíi pé òun ló ń gbé e ró.

"'Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.' Ìdáhùn: 'Ẹnu mi ti di.' 'Ẹ fún wa ní páswọ́ọ̀dù ìkànnì yín.' Ìdáhùn: páswọ́ọ̀dù náà." Sájẹ́ǹtì yí ojú ewé. "Òun ló fi wọlé, tó fi tẹ ìwé tó mú wá mú ọmọ jáde."

Ẹ̀rín kú. Aránṣọ dìde láàárín àwọn òbí.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìlà àkọ́kọ́ yẹn kà."

Ó tún un kà.

"Mo mọ ọmọ kan," ni obìnrin náà wí. "Ọmọ ọdún méjìlá. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n kọ sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Ó dùn mọ́ ọn nínú bó ṣe dùn mọ́ yín, Ọ̀gá. Ọjọ́ kejì ló ti sọ fún ìyá ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà wo lẹ sọ ọ́?"

Sájẹ́ǹtì wo fáìlì. "Oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́rin, mà. Wọn ò tíì sọ."

Ọ̀gá Gbàǹgbà la ẹnu. Makirofóònù gbé èémí rẹ̀ jáde, gbogbo gbọ̀ngàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Wọ́n ní... wọ́n ní àwọn mọ iyì mi."

Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Ọ̀gá Àyẹ̀wò pa ìwé kékeré rẹ̀ dé. "Akọ̀wé, ẹ pa ìkànnì yẹn. Báyìí báyìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Bẹ́ẹ̀-ni-sà wí, ó sì sáré lọ ṣe é. Láàárín ọdún mọ́kànlá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí gbólóhùn rẹ̀ ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Wọ́n gba ipò lọ́wọ́ Ọ̀gá kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ọkùnrin ẹnu géètì dé iwájú adájọ́, ẹ̀wọ̀n ló sì gbà á. Wọ́n ní kí Tíṣà Kọ̀ǹpútà kọ ìlànà tuntun fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ojú ewé kan péré ló kọ, kò sí fọ́tò níbẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tó kọ ni pé kí gbogbo àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ wá kọ́ nípa ààbò orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, títí kan àwọn tí wọ́n ti yọ nípò tí wọ́n ṣì fẹ́ padà síṣẹ́ lọ́jọ́ kan.

Bí Ọ̀gá Gbàǹgbà ṣe wọ kíláàsì nìyẹn. Kò wúkọ́. Ó wá àga kan, àga ọmọ kíláàsì kẹta, ó jókòó sí i pẹ̀lú orúnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n. Bàbá Onígéètì ló wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ó ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó na ọwọ́ sókè.

"Tíṣà, tí ojú bá ń tì èèyàn ńkọ́? Tí àgbà bá ti ṣe é tán, tí ojú wá ń tì í láti sọ?"

Àwọn kan yí padà wò ó. Tíṣà fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó sì dá a lóhùn bó ṣe máa dá ọmọ lóhùn tó bá béèrè ohun tó ṣe pàtàkì.

"Ojú máa tì yín, sà. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú náà."

Ó mi orí. Ẹ̀kọ́ ń lọ. Kò pẹ́, fóònù rẹ̀ gbọ̀n nínú àpò. Ó yọ ọ́, ó wò ó lábẹ́ tábìlì. Mo wà níbẹ̀, mo rí ojú rẹ̀, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún yín pé ó tàn. Àyà rẹ̀ wú díẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, àtàǹpàkò rẹ̀ sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fèsì, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà, ó mí kanlẹ̀, ó gbé fóònù náà sókè níwájú gbogbo kíláàsì.

"Tíṣà," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo nǹkan tí ẹnì kan kọ sí mi."